Ilé Tí Egbére Lè Gbé Ọmọ Kalẹ̀ Sí

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ náà wọ ọgbà ẹranko wa, ní ọjọ́ Ẹtì kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: èmi, Ọ̀gá Ṣóyẹmí tó kọ́ mi níṣẹ́, Ìyá Bọ́lá tó ń se oúnjẹ àwọn ẹranko, àti dírẹ́bà tó gbé ẹrù náà wá láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Bí dírẹ́bà náà ti bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró sídìí igi máńgòrò lọ́ọ̀ọ́kán. Kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

"Bàbá," ó pe ọ̀gá mi láti ọ̀hún, "ẹ wá gbé nǹkan yín. Láti Sángo ló ti ń sunkún bí ọmọ tuntun. Mo tan rédíò, ó sunkún borí rédíò."

"Ẹranko ni," ni ọ̀gá mi wí.

"Mo mọ̀ pé wọ́n ní ẹranko ni, bàbá. Orúkọ tí mo fẹ́ pè é gan-an, ẹ má jẹ́ kí n pè é nírọ̀lẹ́ yìí."

Ìyá Bọ́lá bá a pè é. "Egbére ni," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Lọ wò ó bóyá ó gbé ẹní rẹ̀ dání. Tó o bá lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, o ò ní wa ọkọ̀ mọ́ láyé."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò sọ ọ́ fún ní kékeré: egbére, ẹ̀dá kúkúrú inú igbó tó ń sunkún kiri pẹ̀lú ẹní lábíyá, tí ẹni tó bá gba ẹní náà yóò sì di olówó. Dírẹ́bà náà kò rẹ́rìn-ín. Àwa la gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀.

Ẹranko méjì ló wà nínú rẹ̀, akọ àti abo, láti apá ìlà-oòrùn Áfíríkà. Gálágò ni orúkọ wọn. Wọ́n tóbi ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ díẹ̀, irun wọn dà bí eérú, ìrù wọn gùn ó sì kún, etí wọn fẹ́lẹ́ bí ewé, ojú wọn sì tóbi ju orí wọn lọ lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn. Wọ́n máa ń sùn ní ọ̀sán, wọ́n á jí nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, igbe wọn sì jọ ti ọmọ ọwọ́ gan-an.

Ọ̀gá mi ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Kẹ́ńyà nígbà kan, ó mọ irú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú àpótí náà pẹ́.

"Ṣẹ́gun," ó ní, "abo yìí lóyún. Fi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sọ́kàn. Ẹnu ni wọ́n fi ń gbé ọmọ wọn. Tí ọkàn ìyá bá balẹ̀, á gbé ọmọ kalẹ̀ lórí ẹ̀ka igi, á lọ wá oúnjẹ. Tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, kò ní gbé e kalẹ̀. Á máa gbé e kiri títí ọmọ náà á fi kú sí i lẹ́nu. Ọjọ́ tó bá gbé ọmọ kalẹ̀ la máa mọ̀ pé ilé tá a fún un dára. Ìdánwò mìíràn ò sí."

Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí a tó yege nínú ìdánwò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ olùtọ́jú ẹranko ṣeé fi ayé ẹni ṣe, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀ ná.

Abúlé kan lápá Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, oko sì ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí mo fi máa wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irungbọ̀n ti ń yọ sí mi. Bàbá Kíláàsì ni àwọn ọmọ ń pè mí. Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní èyí tó kù. Tíṣà ni ní Ìjẹmọ̀, yàrá ìgbàlejò wa sì ni ilé ìwé mi lálaalẹ́ lẹ́yìn tí a fẹ́ra tán. Ẹnìkan sọ fún mi pé wọ́n ń wá ọwọ́ ní ọgbà ẹranko, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kò pọ̀, ó sì ń wọlé. Ìyẹn náà tó.

Ọmọ Òwu ni Ọ̀gá Ṣóyẹmí, ó máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ Ìsinmi. Kì í pariwo. Bí ó bá bínú, ohùn rẹ̀ á túbọ̀ lọ sílẹ̀ ni, ẹni tó ń bá wí á sì ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. A kò gbọdọ̀ súfèé. A kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà. Ẹni tó bá fọ igbá omi mọ́ lóde tí kò fọ inú rẹ̀, ọ̀gá á ní kí ó mu omi níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ fi kọ́ mi níṣẹ́ nìyí. Wọ́n ti parí kéèjì tuntun kan, ẹranko kò tíì wọ inú rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn.

"Wọlé."

Mo wọlé.

"Jókòó."

Ó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn, ó lọ. Àárọ̀ ni. Oòrùn yí sí orí mi, kò sì sí ibi tí mo lè yí sí fún un. Omi inú igbá gbóná. Àwọn ọmọ iléèwé kan wá, wọ́n yí mi ká lápá mẹ́ta, wọ́n ń sọ ẹ̀pà sí mi. Ọ̀kan ní, "Ṣé èyí kì í fò ni?" Nígbà tí ọ̀gá padà wá, oòrùn ti ń rọlẹ̀.

"Kí lo rí níbẹ̀?" ó bi mí.

"Oòrùn, sà."

"Kí lo wá tí o ò rí?"

Mo ronú. "Ibi tí mo lè sá sí, sà."

"O ti ń kọ́ṣẹ́," ó ní.

Láti ìgbà náà, kò sí ilé ẹranko tí a kọ́ tí n kò kọ́kọ́ jókòó nínú rẹ̀. Bí ẹranko náà bá jẹ́ èyí tó ń rìn nílẹ̀, ọ̀gá á ní kí n dojú bolẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó ń gun òkè, màá gun òkè. Bí àlejò bá sì wá yin ilé kan pé ó rẹwà, ọ̀gá á bi mí jẹ́jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ: "Ṣé ó dùn ún wò ni, àbí ó dùn ún gbé?"

Símẹ́ńtì ni ìṣòro wa. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, símẹ́ńtì ni gbogbo èèyàn fọkàn tán. Papalanto kò jìnnà, òkúta funfun ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ṣe é, ẹni tó bá sì ní owó díẹ̀, símẹ́ńtì ló ń fi ṣe gbogbo nǹkan, títí dé iwájú ilé. Nítorí náà àwọn tó kọ́ ọgbà wa fi símẹ́ńtì ṣe ilẹ̀, wọ́n fi ṣe ògiri, wọ́n tilẹ̀ fi ṣe igi kan, wọ́n sì kun ún ní àwọ̀ ewé. Ó rọrùn láti fọ̀. Ẹranko kò sì lè gbẹ́ ẹ jáde.

Wọ́n wá kó ẹran kékeré kan wá fún wa láti apá gúúsù Áfíríkà, mííkátì, èyí tó máa ń nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Inú ihò ni wọ́n ń gbé. Lórí símẹ́ńtì wa, wọ́n gbẹ́, wọ́n gbẹ́, títí èékánná wọn fi tán tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ́. Ọ̀gá mi kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ó gbé dígà, ó fún mi ní òòlù, a fọ́ ilẹ̀ náà. A tẹ́ wáyà onírin sísàlẹ̀, a da yanrìn lé e lórí tó jìn dé àyà mi, a dá àwọn ẹran náà padà.

Lọ́jọ́ kejì, mánéjà wá wò ó. Yanrìn àti ihò nìkan ló rí.

"Ṣóyẹmí, ẹran dà?"

"Wọ́n wà nílé, sà."

"Mi ò rí wọn."

"Wọ́n ti rí yín, sà."

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan yọ orí, ó nàró, ó wo mánéjà dáadáa, ó sì padà wọlé. Mánéjà náà kò sọ̀rọ̀ símẹ́ńtì fún wa mọ́ lórí àwọn yẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn gálágò dé, kéèjì símẹ́ńtì ló ṣófo. Wáyà yí i ká lápá mẹ́ta, kò sí ibi tó ṣókùnkùn nínú rẹ̀. Abo náà sún mọ́ ìbímọ, pákó tí ọ̀gá béèrè fún kò sì tíì dé. Ọ̀gá wá ní kí Ìyá Bọ́lá ra ẹní kan ní ọjà Kútọ̀. Ó ta ẹní náà sí igun kéèjì, ó fi ṣe aṣọ ìkélé, abo gálágò wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sùn.

Ọ̀gá mi mọ ohun tí ẹranko ń rò. Ohun tí èèyàn máa rò ni kò rántí.

Àwọn tó wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta rí ẹ̀dá kékeré olójú ńlá tó yọ jáde lẹ́yìn ẹní nírọ̀lẹ́, tó sì ń sunkún bí ọmọ. Kó tó di ọjọ́ Ajé, gbogbo Ìbarà títí dé Làfẹ́nwá ti gbọ́. Èrò tí a kò rí rí wá. Àwọn alákòóso gbé pátákó kan síwájú kéèjì náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: EGBÉRE ÀTI ẸNÍ RẸ̀. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní kí ó wo èrò.

Nílé, ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi. "Bàbá Dúpẹ́," ó ní, "àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní kí ẹ bá àwọn já etí ẹní kékeré kan wá."

"Ẹní Kútọ̀ ni."

"Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní etí ẹ̀ náà ṣáá."

Ní àárọ̀ kan tí mo dé ibi iṣẹ́, wọ́n ti gé wáyà kéèjì náà. Ẹní kò sí níbẹ̀ mọ́. Abo ti bímọ ní ìdájí ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ti tutù. Akọ ti lọ, a kò rí i mọ́ láéláé. Abo wà lórí igi kaṣú lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń ké. N kò ní sọ bí igbe náà ti rí.

Ìyá Bọ́lá ló ní kí a gbé ẹmu sídìí igi náà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, abo sọ̀kalẹ̀, ó mu ẹmu náà, mo fi aṣọ dì í mú láìjà. Ọ̀gá mi sin ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ó yọ pátákó náà fúnra rẹ̀, ó sì là á fún iná ìdáná. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ẹ̀ẹ̀rùn parí, òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán kan, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wọ ọgbà, ó gbé nǹkan sínú ọ̀rá. Ó bá ọ̀gá mi, Ìyá Bọ́lá àti èmi níwájú ilé ìdáná. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, bàbá. Mo wá dá nǹkan onínǹkan padà."

Ó tú ọ̀rá náà. Ẹní wa ni.

"Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e délé, iṣẹ́ ò wá mọ́," ó ní. "Ìyàwó mi ní òun ò lè bá ẹní egbére sùn nínú ilé kan náà. Ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ bá mi bẹ ẹni tó ni ín."

"Ta ló ni ín?" Ìyá Bọ́lá bi í. "Èmi ni mo ra ẹní yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta ọṣẹ dúdú ni mo ti rà á. Tó o bá ti sọ fún mi, mi ò bá ra tìẹ mọ́ ọn."

Ọkùnrin náà wo ẹní, ó wo Ìyá Bọ́lá. "Ẹní lásán ni?"

"Ẹní lásán."

Ó jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá mi sọ nípa ọmọ tó kú fún un, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ yẹn. Ọkùnrin náà kò gbé orí sókè.

"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe?" ọ̀gá bi í.

"Bíríkìlà ni mí, bàbá. Múfútáù, ní Papalanto."

Ọ̀gá dìde, ó mú un lọ sí kéèjì kan tó ṣófo, ó ṣílẹ̀kùn. "Wọlé. Jókòó."

Títí a fi fẹ́ tilẹ̀kùn ọgbà ló wà níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ọ̀gá ní, "Wàá bá wa kọ́ ilé fún abo yẹn. Símẹ́ńtì kankan ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀."

"Bàbá, bíríkìlà Papalanto ni mí. Kí ni kí n wá fi kọ́ ọ?"

"Ohun tí bàbá bàbá ẹ fi kọ́ tiẹ̀."

Ó ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó po amọ̀, ó mọ ògiri tó nípọn, tó tutù nínú. A fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní erùpẹ̀ lásán. A gbé ẹ̀ka igi tó gùn wọlé, a fi igi oníhò ṣe ibùsùn sókè, ní ibi tí ọwọ́ mi kò tó. Fèrèsé gíláàsì kan ṣoṣo ni àwọn àlejò lè gbà wo inú rẹ̀. Mo jókòó nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, oorun gbé mi lọ. Ọ̀gá ní ìyẹn dára. Ìyàwó Múfútáù padà sílé, èmi àti Múfútáù sì ti di ọ̀rẹ́ láti ìgbà náà.

Ọ̀gá fẹ̀yìntì kí akọ mìíràn tó dé. Ó fi ilé náà lé mi lọ́wọ́.

Akọ dé, abo lóyún, ó bímọ. Ọmọ náà kú sí i lẹ́nu. Ó tún bí òmíràn, ìyẹn náà kú bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Àwọn àlejò ń ráhùn. Tíṣà kan kó àwọn ọmọ wá láti ọ̀nà jíjìn, ó fi ìka kan gíláàsì.

"Bàbá, a wá wo egbére, a ò rí egbére."

"Wọ́n wà níbẹ̀, mà."

"Níbo?"

"Nínú igi yẹn, mà. Wọ́n ń sùn."

"Ẹ ní kí wọ́n jáde. A ti sanwó."

Nítorí irú wọn ni àwọn alákòóso ṣe gbé gílóòbù tó mọ́lẹ̀ gan-an sínú ilé náà, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìn ògiri nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Abo náà kò mọ ọ̀sán, kò mọ òru. Bó bá ti bímọ, á gbé e láti igun dé igun, kò ní jẹun, kò ní sinmi.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ìyàwó mi kú. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Mo ń jí, mo ń lọ sí ibi iṣẹ́, àwọn tó ń retí oúnjẹ wà níbẹ̀.

Ohun èlò iṣẹ́ yí padà lójú mi. Àtùpà elépo ni a fi bẹ̀rẹ̀, ó di tọ́ọ̀ṣì, ó di jẹnẹrétọ̀. Sólà ló kẹ́yìn, òun ló sì wúlò jù. Dókítà ẹranko tuntun kan ló mú un wá, Dókítà Adébísí, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ kọjá bó ti yẹ. Ó ní a lè yí ọjọ́ padà: kí iná funfun máa tàn nínú ilé náà ní òru kí wọ́n sùn, kí iná pupa rírẹlẹ̀ wà níbẹ̀ ní ọ̀sán. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí iná pupa, wọ́n á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n á jáde, àwọn àlejò á sì rí wọn láìdà wọ́n láàmú.

Àwọn alákòóso gbà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan tì í: bí ọmọ tó ń bọ̀ bá tún kú, wọ́n á kó àwọn gálágò lọ sí ibòmíràn, wọ́n á sì fi ilé náà ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìntì. Abo náà kò kéré mọ́. Èmi àti dókítà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ló kù.

Nígbà tí wọ́n so sólà tán, dókítà ní, "Bàbá Dúpẹ́, mo gbọ́ pé ẹ máa ń kọ́kọ́ jókòó nínú ilé. Ẹ jẹ́ ká jọ jókòó."

A kó àwọn ẹranko síbòmíràn, a jókòó nínú iná pupa náà. Lójú mi, gbogbo nǹkan pé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé ìka sókè.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Kí ni?"

"Ẹ̀rọ tó ń fa iná sólà. Ó ń kùn lára ògiri."

N kò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi ti dàgbà. Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan ògiri, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ó ń gbọ̀n. A pe Múfútáù, a gbé ẹ̀rọ náà jìnnà, a sì fi pákó bo fèrèsé gíláàsì, ó ku ihò tóóró tí èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè fi ojú kan wo inú.

A dá àwọn ẹranko padà, nígbà tó yá abo bímọ. Ọmọ kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gbé e lẹ́nu láti igun dé igun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìbẹ́pẹ tí mo gé fún un wà níbẹ̀ bí mo ti gbé e sí. Lọ́jọ́ kejì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Bọ́lá, tó ti darúgbó tó sì ṣì ń wá ran àwọn tó gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, bi mí pé, "Ó ti gbé e kalẹ̀?" Mo mi orí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sídìí ihò náà, dókítà sì wà lẹ́yìn mi. Abo jáde láti inú igi oníhò, ọmọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rìn dé àárín ẹ̀ka tó gùn jù. Ó dúró. Etí rẹ̀ ọ̀tún yí síhìn-ín, etí òsì yí sọ́hùn-ún. Ó pẹ́ tó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó gbé ọmọ náà lé orí ẹ̀ka, ọmọ náà fi ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ẹ̀ka mú. Ó lá a lórí. Ó fò lọ sí ẹ̀ka kejì, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ ìbẹ́pẹ.

"Ó ti ṣe é?" dókítà bi mí.

"Ó ti ṣe é."

Mo kúrò níbẹ̀ kí òun náà lè wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí Òwu. Ọ̀gá Ṣóyẹmí jókòó níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ó ti gbé e kalẹ̀, sà."

Kò béèrè ta ni. "Lórí kí ni?"

"Lórí ẹ̀ka, sà."

"Ó jìnnà sí i?"

"Ó jìnnà, sà. Ó lọ jẹun."

"Ó jẹun tán?"

"Ó jẹ ẹ́ tán, sà."

Ó ní kí wọ́n gbé àga wá fún mi. A jókòó títí wọ́n fi tan iná ìta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, èmi kò lè sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí á mú kí ẹ lówó tàbí kí ẹ lókìkí. Mo lè sọ pé ó tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ẹ bá lè farabalẹ̀ ṣe ohun tí ẹni tí ẹ ń ṣe é fún kò ní dúpẹ́ lé lórí, ẹ wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ, mo ti abọ́ wọn wọlé láti ihò ẹ̀yìn, mo sì ti ihò náà padà. Dókítà wà níwájú ilé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí pákó.

"Bàbá Dúpẹ́," ó rọra pè mí, "ẹ ò ní wá wò ó?"

Mo ní mo ti rí i lánàá. Mo lọ bá Ìyá Bọ́lá jẹ ẹ̀kọ.